Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Èèpo Ẹ̀gẹ́ Di Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn Láì Pa Ẹran Yín

Ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀: “Ṣé lóòótọ́ ni pé èèpo ẹ̀gẹ́ ń pa ẹran?” Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń béèrè ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Òkìtì èèpo ń rùn níbẹ̀, wọ́n ń dáná sun ún, òun náà sì ń náwó lórí oúnjẹ ẹran lọ́jà. Ìdáhùn mi ni pé ó ń pa ẹran bí ẹ bá da tútù rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Kì í pa ẹran bí ẹ bá ṣe é bí ìyá tó ń yan gàrí ṣe ń ṣe ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀: kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Pákí ni àwọn kan ń pè é, gbágùúdá ni àwọn mìíràn ń pè é. Ẹ̀gẹ́ ni màá máa pè é níbí.

Ohun tó ń pa ẹran nínú èèpo

Májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá ṣì wà lódindi, májèlé náà kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n bá gé e, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tàbí tí ẹran rún un lẹ́nu, ló máa ń tú sílẹ̀, á sì di sáyánáìdì. Èèpo ló ní in jù, ju funfun inú rẹ̀ lọ. Ẹ̀gẹ́ kíkorò sì ní in ju ẹ̀gẹ́ dídùn lọ. Àǹfààní tiwa ni pé sáyánáìdì máa ń bá atẹ́gùn lọ, ó sì máa ń bá omi tí a fún jáde lọ. Ohun tó mú kí gàrí ṣeé jẹ nìyẹn.

Ọ̀tá kejì kò yára bíi tàkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń tan àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ: èèpo tó bu. Èyí tí kò gbẹ délẹ̀ tí wọ́n dì sínú àpò máa ń hùkàsì, á ní ewú dúdú tàbí ewú aláwọ̀ ewé, májèlé àfìlátọ́síìnì sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹran kì í ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ó kàn máa ń rù ni, adìẹ á dín ẹyin kù, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ á sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo da èèpo tútù apẹ̀rẹ̀ méjì síwájú àwọn ewúrẹ́ tí mo ti so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ láìfún wọn ní koríko. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n sáré jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí abo kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó sì ṣubú. Ó kú kí ẹni tí mo rán lọ pe dókítà ẹranko tó padà dé. Àwọn tó jẹ díẹ̀ yè é. Láti ọjọ́ yẹn, èèpo tútù kò wọ ọgbà mi mọ́, bó ti wù kí ẹni tó bó o búra fún mi tó pé ẹ̀gẹ́ dídùn ni.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Èèpo tí wọ́n bó lọ́jọ́ náà gan-an, láti ibi tí ẹ mọ̀
- Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, èyí tó wà níbi ìyan-gàrí
- Àpò tó ń jẹ́ kí omi jáde, àti jáàkì (òkúta ńlá náà lè ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń pẹ́)
- Ajọ̀ tí wọ́n fi ń jọ gàrí
- Tàpólì mímọ́ tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbá
- Ìwọ̀n, kódà kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi kọ́ àpò

Ẹ tètè bá àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ àti ẹni tó ni ẹ̀rọ ṣe àdéhùn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní èèpo, wọ́n á tiẹ̀ dúpẹ́ pé ẹ bá àwọn kó pàǹtí. Bí wọ́n bá wá rí i pé ẹlẹ́dẹ̀ yín ń sanra, ọ̀rọ̀ owó á wọ̀ ọ́. Ó sàn kí ẹ ti ń san owó kékeré láti ìbẹ̀rẹ̀, kí èèpo máa jẹ́ tiyín, ju kí ẹ máa bá ẹlòmíràn dù ú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ní ti ẹ̀rọ, ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nígbà tí àwọn tó ń lọ gàrí bá ti ṣe tán. Ẹ fọ ẹ̀rọ náà kí ẹ tó fi sílẹ̀, nítorí wọn kò ní fún yín láyè lẹ́ẹ̀kejì bí gàrí ẹlòmíràn bá dúdú nítorí èèpo yín.

Ìgbésẹ̀: láti òkìtì dé inú àpò

Àwọn onímọ̀ ní ILRI (àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn) àti IITA (àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru), ní Ìbàdàn, ló tún ọ̀nà yìí ṣe. Èèpo tí a sá bẹ́ẹ̀, láìlọ̀ ọ́, máa ń gba ọjọ́ 2 sí 3 nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí a lọ̀ tí a sì fún lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan bí oòrùn bá mú.

1. Ẹ kó o lọ́jọ́ tí wọ́n bó o. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì. Bó bá ti ń gbóná, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má ṣe kó èyí tó sùn sínú òjò.

2. Ẹ ṣà á. Ẹ yọ òkúta, ọ̀rá, okùn, abẹ ọ̀bẹ tó kán, àti orí ẹ̀gẹ́ tó le bí igi. Ọ̀rá nìkan ti tó láti pa ewúrẹ́, nítorí bó bá gbé e mì, inú rẹ̀ ló máa dúró sí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ń súni. Ọmọ tó bá ń ràn yín lọ́wọ́ á fẹ́ fò ó. Ẹ má gbà fún un.

3. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan kíákíá. Bí kò bá pọ̀, ẹ má wulẹ̀ fọ̀ ọ́, nítorí gbogbo omi tí ẹ bá fi kún un lẹ máa padà fún jáde.

4. Ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, á já pàtìpàtì. Ní ìgbà kejì, á kúnná. Bó bá jẹ́ adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ lẹ fẹ́ fún, ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

5. Ẹ dì í sínú àpò, kí ẹ sì fún un. Ẹ máa fún jáàkì díẹ̀díẹ̀ títí omi kò fi ní kán mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ lè fi í sábẹ́ jáàkì di àárọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi tó ń jáde yìí ṣàn síbi tí ẹran ti lè mu ún. Ẹ má ṣe darí rẹ̀ sí odò, kànga, tàbí ibi tí ẹ ti ń sin ẹja, torí ó ń pa ẹja. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un níbi tó jìnnà.

6. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ sì jọ̀ ọ́. Ó máa ń le bíi àkàrà gbígbẹ bó bá kúrò nínú àpò. Ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ, kí ẹ wá jọ̀ ọ́. Lẹ́búlẹ́bú tó bá bọ́ sílẹ̀ wà fún ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ àti ẹja. Hàrìhàrì tó bá kù lórí ajọ̀ wà fún ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù. Ẹ kó wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

7. Ẹ sá a. Ẹ jí sá a ní kùtùkùtù, kó lè rí oòrùn ọjọ́ náà lò tán. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó má ṣe nípọn ju ìbú ìka kan lọ, kí ẹ sì máa fi ráàkì tàbí ọwọ́ yí i padà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ lé adìẹ kúrò lórí rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ nínú oúnjẹ ẹran kì í ṣe eré.

8. Ẹ dán an wò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sábẹ́ ibòòji kó tutù, kí ẹ wá fún un mọ́ ọwọ́. Bó bá dì mọ́ra, kò tíì gbẹ. Bó bá tú ká bíi gàrí tó yan dáadáa, ó ń lọ. Ẹ lè tún bu díẹ̀ sínú ìgò mímọ́ tó gbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí kan, kí ẹ dé e, kí ẹ sì mì í fún ìṣẹ́jú méjì. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ dá a padà sínú oòrùn.

9. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Ooru tó bá bá a wọ inú àpò á di omi lálẹ́, ibẹ̀ sì ni bíbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ to àpò sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má sì kan ògiri. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dì í sára rẹ̀, kí ẹ lè máa lo èyí tó ti pẹ́ ṣáájú.

Ẹ má ṣe retí pé àpò mẹ́wàá tí ẹ kó máa jáde ní àpò mẹ́wàá. Omi ló pọ̀ jù nínú èèpo tútù. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 tútù ló máa ń fún wa ní tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ. Ẹ ro owó ẹ̀rọ, owó ọkọ̀ àti owó alágbàṣe sórí tọ́ọ̀nù 1 yẹn, kì í ṣe sórí 3, kí ẹ tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ yín.

Bí òjò bá ká yín mọ́ ẹnu iṣẹ́, ẹ da èyí tí ẹ ti fún tí ẹ sì ti jọ̀ sínú agbada gàrí, kí ẹ yan án lórí iná tí kò le títí á fi gbẹ. Owó igi ìdáná á wọ̀ ọ́, àmọ́ ó sàn ju kí gbogbo rẹ̀ bu mọ́ yín lọ́wọ́.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí

Ẹ fi àdá gé èèpo wẹ́wẹ́, kó má gùn ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Ẹ sá a sórí sìmẹ́ńtì fún ọjọ́ 2 sí 3, kí ẹ máa yí i, kí ẹ sì máa kó o wọlé lálẹ́ nítorí ìrì. Ó gbẹ nígbà tó bá ń dún “pá” bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ló wà fún, kò dára fún adìẹ. Ìgbà ọyẹ́ ló rọrùn jù.

Mo ń rí àwọn tó ń sá a sí etí títì ọlọ́dà. Ó máa ń tètè gbẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo ọkọ̀, iyẹ̀pẹ̀ àti èéfín ń bá a lọ, ọkọ̀ sì lè gbá ẹni tó ń yí i. Kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Lásìkò òjò: dídì í sínú dúrọ́ọ̀mù

Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, oòrùn kì í ṣeé gbára lé. Dípò kí ẹ máa sáré kó èèpo wọlé, ẹ lè dì í pa kó kan, bí ògì ṣe ń kan. Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù lẹ lè fún.

1. Ẹ gé èèpo wẹ́wẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ di ọjọ́ kejì, kó rọ, kí omi rẹ̀ sì dín kù.
2. Bí ẹ bá rí ewé agunmániyè, ẹ gé e mọ́ ọn: ewé kìlò 1 sí èèpo kìlò 4. Ewé yìí ló ní ohun tó ń gbé ẹran ara ró, tí èèpo kò ní.
3. Ẹ kó o sínú dúrọ́ọ̀mù oníke tàbí ọ̀rá dúdú tó nípọn. Bí ẹ bá kó o dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọingbọin, kí ẹ tó tún kó òmíràn lé e. Atẹ́gùn tó bá kù sínú rẹ̀ ló ń bà á jẹ́.
4. Ẹ dé e pinpin, kí ẹ gbé òkúta lé e. Ẹ má ṣí i fún ọjọ́ 21.
5. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ó yẹ kó ní òórùn kíkan tó dùn ún gbọ́, kí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Bó bá ń rùn bí òkú ẹran, tàbí tó ní ewú dúdú, ẹ dà á nù.
6. Ẹ tẹ́ èyí tí ẹ bá bù sílẹ̀ fún wákàtí kan kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí ẹ tó gbé e fún ẹran. Ẹ tún dé ìyókù kíákíá. Dúrọ́ọ̀mù tí ẹ bá ti ṣí, ẹ máa bù ú lójoojúmọ́ títí á fi tán.

Èèpo nìkan kò tó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Èèpo ẹ̀gẹ́ ń fún ẹran lágbára, bí ẹ̀bà ṣe ń fún wa. Pùròtéènì tó wà nínú rẹ̀ kéré gan-an, nǹkan bíi 5 nínú 100. Ta ló ń jẹ ẹ̀bà láìsí ọbẹ̀, tó sì ń retí pé kí ọmọ òun dàgbà? Ẹran tó bá jẹ ẹ́ nìkan á ní ikùn ràgàjì, egungun ìhà rẹ̀ á sì máa hàn.

Ọbẹ̀ tó dára jù lọ́wọ́ wa ni pàǹtí èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní PKC. Òun náà jẹ́ àjẹkù ilé iṣẹ́. Kúlíkúlí tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ àti pàǹtí sóyà ló tẹ̀ lé e. Àwọn yẹn lágbára jù ú lọ, owó wọn sì ga.

*Àpòpọ̀ kìlò 100 fún ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tó ti dàgbà:*

- Èèpo gbígbẹ, hàrìhàrì: kìlò 50
- PKC: kìlò 25
- Èèrí ọkà gbígbẹ: kìlò 22
- Egungun jíjó tí wọ́n lọ̀: kìlò 2
- Iyọ̀: kìlò 1

Ewúrẹ́ tó tó kìlò 20, ẹ fún un ní gíráàmù 300 sí 400 lóòjọ́, ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́. Koríko àti ewé ni ìyókù oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má ṣe gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láé. Fún èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ yọ kìlò 10 nínú èèpo, kí ẹ fi kúlíkúlí dí i.

*Àpòpọ̀ kìlò 100 fún ẹlẹ́dẹ̀ tó ń dàgbà:*

- Èèpo gbígbẹ, lẹ́búlẹ́bú: kìlò 35
- PKC: kìlò 30
- Èèrí ọkà gbígbẹ: kìlò 16
- Pàǹtí sóyà: kìlò 16
- Egungun jíjó tí wọ́n lọ̀: kìlò 2.5
- Iyọ̀: gíráàmù 500

Ẹ fi fítámì ẹlẹ́dẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́mú kò tíì lè da èèpo. Ẹ jẹ́ kó tó kìlò 20 ná.

Ọ̀rọ̀ àgùntàn yàtọ̀ díẹ̀. Kọ́pà (bàbà) wà nínú PKC, ẹ̀dọ̀ àgùntàn sì máa ń kó o pamọ́ títí á fi di májèlé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí PKC ju ìdá kan nínú mẹ́rin àpòpọ̀ rẹ̀ lọ, ẹ má sì ṣe fún un ní oúnjẹ tàbí fítámì tí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ àgbò fún Iléyá, tó fẹ́ kó sanra kíákíá, ló sábà máa ń kó sínú ìjàǹbá yìí.

Adìẹ ńkọ́?

Fún adìẹ tó ń yé ẹyin, ẹ lè fi lẹ́búlẹ́bú èèpo rọ́pò àgbàdo, kó má ju kìlò 10 sí 15 lọ nínú 100. Ẹ fi epo pupa díẹ̀ pò ó, kí ó má máa gbọ́n bí eruku sí wọn nímú, kí ẹ sì fi mẹ́táyónìn, ọ̀kan lára àwọn èròjà pùròtéènì, sí i, torí oúnjẹ tó ti ara ẹ̀gẹ́ wá kò ní in tó. Ohun kan tí àwọn oníbàárà yín máa tètè rí ni pé inú ẹyin kò ní pọ́n mọ́. Kò sí àìsàn níbẹ̀. Àgbàdo pupa ló ń pọ́n ọn. Ewé tẹ̀tẹ̀ tàbí ewé tútù mìíràn tí ẹ bá ń gé fún wọn á dá àwọ̀ náà padà. Ọmọ adìẹ kò gbọdọ̀ jẹ èèpo rárá.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn

- Ọjọ́ 1 sí 3: ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ oúnjẹ tuntun, ìyókù jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá
- Ọjọ́ 4 sí 7: ìdajì
- Ọjọ́ 8 sí 10: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin
- Láti ọjọ́ 11: gbogbo rẹ̀

Ẹ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn ní koríko kí wọ́n tó kan oúnjẹ yìí. Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí oúnjẹ gbígbẹ ń fa òùngbẹ. Bí inú bá wú, tàbí tí wọ́n bá ń ṣu yàlà, ẹ dín in kù fún ọjọ́ méjì.

Àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé

*Ṣíṣa ibi tó bu kúrò.* Bí apá kan àpò bá bu, ìyókù kò mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kò rí i. Ẹ má fún ẹran kankan, ẹ má sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tún un sá. Ẹ sọ ọ́ di ìlẹ̀dú.

*Rírẹ èèpo sínú omi kí wọ́n tó gbé omi náà fún ẹran mu.* Wọ́n á ní ó dà bí omi ògì. Inú omi yẹn gan-an ni májèlé wà.

*Yúríà.* Àwọn kan ti gbọ́ pé a lè fi ajílẹ̀ yúríà sínú oúnjẹ màlúù. Bí ẹ bá ṣi ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n díẹ̀ péré, ikú ni, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ kò sì lè lò ó rárá. Ẹ fi í sílẹ̀.

*Gbígbé iye wọn lé ojú.* Kóńgò èèpo gbígbẹ kò wúwo tó kóńgò àgbàdo. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri.

Bí ẹran bá ti jẹ tútù

Ẹ wo àwọn àmì wọ̀nyí: mímí gúlegúle, itọ́ tó ń ṣàn, títa gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ojú àti ẹ̀yìn ètè tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, gbígbọ̀n. Kì í gba àkókò púpọ̀.

1. Ẹ kó gbogbo èèpo kúrò níwájú àwọn tó kù.
2. Ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà tó ń pa agbára sáyánáìdì, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wà, ó sì gbọ́dọ̀ tètè dé.
3. Ẹ gbé ẹran náà síbi tí atẹ́gùn wà. Ẹ má lé e kiri, ẹ má sì mú un rìn.
4. Ẹ má ṣe da epo pupa tàbí ohunkóhun sí ẹran tó ti ṣubú lọ́nà ọ̀fun. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn àgbà máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń gbà wọlé, òun á sì pa á kí sáyánáìdì tó ṣe é.

Ẹ má ṣe pín ẹran tó bá kú lọ́nà yìí jẹ kí dókítà tó wò ó.

Bí èèpo ẹ̀gẹ́ kò bá sí lágbègbè yín

*Èèrí ògì.* Oúnjẹ gidi ni, ó sì wà nílé gbogbo ẹni tó ń ta ògì. Ẹ fún omi rẹ̀, kí ẹ gbé e fún ẹran lọ́jọ́ náà, tàbí kí ẹ sá a. Èyí tó bá sun di ọjọ́ kẹta nínú ike ti di nǹkan mìíràn.

*Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.* Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ tàbí kí wọ́n gbẹ, kí ẹ sì gé wọn wẹ́wẹ́. Ewúrẹ́ fẹ́ràn èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ púpọ̀. Ẹ yẹra fún èyí tí iyọ̀ àti ata ilé oúnjẹ ti kàn.

*Èèpo ẹ̀wà lọ́dọ̀ àwọn alákàrà.* Tútù ló máa ń wà, ó sì ń tètè kan. Ẹ gbà á láàárọ̀, kí ẹ fún un, kí ẹ gbé e fún ewúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

*Ìrẹsì.* Nǹkan méjì ni wọ́n ń tà. Èérún tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń dán ìrẹsì jẹ́ oúnjẹ. Ó rọ̀, ó sì ní epo díẹ̀ lára. Èèpo ìta rẹ̀ tó le, tó ń gún ọwọ́, kò ní nǹkan kan nínú, ibùsùn adìẹ ló wà fún. Àwọn oníṣòwò kan máa ń pa méjèèjì pọ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kí ẹ tó sanwó.

*Èèpo kòkó.* Ìṣọ́ra ni kí ẹ fi ṣe é. Ohun kan wà nínú kòkó, tiobúrómáìnì, tí ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ kò lè fara dà bó bá pọ̀. Màlúù àti ewúrẹ́ tó ti dàgbà lè jẹ díẹ̀ tó ti gbẹ dáadáa tí wọ́n sì ti lọ̀, kó má ju ìdá mẹ́wàá oúnjẹ wọn lọ. Ẹ má ṣe kó o láti oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí.